Bóòtù tó ń dán lórí, tó ti jẹrà ní ìbàdí

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí ọ̀rọ̀ kan ti di àríyànjiyàn lórí WhatsApp àdúgbò wa níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó ń gbé létí òkun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ra ọkọ̀ ojú omi tó ti dàgbà, irú èyí tó ń fi ìgbòkun gba afẹ́fẹ́ rìn. Owó pọ́ọ́kú ló rà á. Kò tíì gbé e wọ òkun rárá tí ẹni tó bá a yẹ ọkọ̀ náà wò fi sọ fún un pé bóòtù tó so kíìlì mọ́ ọkọ̀ ti dípẹtà, pé kó má gbé e jáde, àti pé owó tí àtúnṣe máa gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tó fi rà á.

Ló bá ya fọ́tò ránṣẹ́ sílé. Nọ́ọ̀tì mẹ́jọ ló wà nínú fọ́tò yẹn. Méje ń dán bíi ṣíbí tuntun. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ní àbàwọ́n pupa díẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan ní wọ́n fẹ́ lu ọmọ wa ní jìbìtì ni. Òmíràn ní kí ló dé tí kò fi sípánà yí wọn síta kó fi tuntun rọ́pò, ṣebí iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Wẹ́dà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an ní kí wọ́n jó nọ́ọ̀tì tuntun mọ́ ọn lórí. Ìyá kan béèrè pé kí tiẹ̀ ni kíìlì. Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn.

Nítorí pé bóòtù ni mò ń gbẹ́ jẹun ní ṣọ́ọ̀bù mi lójú ọ̀nà Oǹdó, èmi ni wọ́n kọjú sí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa dá sí i." Ohùn tí mo kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ gùn ju ìwàásù lọ, n kò fi ránṣẹ́. Mo wá kọ ọ́. Èmi kì í ṣe awakọ̀ ojú omi o. Ifẹ̀ jìnnà sí òkun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Igbó Olókun wà láàárín ìlú wa. Ṣùgbọ́n irin ni irin, mo sì ti bá àwọn tó ń tún irú ọkọ̀ yìí ṣe sọ̀rọ̀ kí n tó jókòó.

Kí ni kíìlì?

Ẹ mú igbá kan, ẹ gbé e lé orí omi. Bí ẹ bá fi ọwọ́ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, á dojú dé. Ẹ wá lẹ òkúta mọ́ ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ tún un tì: á tẹ̀, á sì padà dìde. Òkúta yẹn ni kíìlì. Ọkọ̀ onígbòkun ní òpó gíga lókè tí aṣọ ńlá so mọ́, aṣọ yẹn sì ni afẹ́fẹ́ ń tì. Bí kò bá sí ohun wíwúwo tó ń fà á nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á dà á nù.

Òjé tàbí irin dídà ni wọ́n sábà fi ń ṣe kíìlì, ó sì rí bíi lẹbẹ ẹja tó kọjú sísàlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kíìlì nìkan tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìwúwo ọkọ̀, ti òmíràn tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ kan bá wúwo tó 4,500 kílò, kíìlì rẹ̀ lè tó 1,600 kílò. Àpò sìmẹ́ńtì 32 nìyẹn, tó so rọ̀ sábẹ́ ọkọ̀ tí ara rẹ̀ jẹ́ fáíbà.

Kí ló so ó rọ̀? Bóòtù ni. Gbogbo wa mọ bóòtù: ọ̀pá irin tó ní eyín yíyípo lára, tí a ń yí nọ́ọ̀tì lé lórí. Èyí ti inú kíìlì wá, ó gba ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kọjá, ó yọrí sínú ikùn ọkọ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí wáṣà àti nọ́ọ̀tì ti dè é mọ́lẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí kò tóbi jù, ó nípọn tó àtàǹpàkò. Láàárín kíìlì àti ara ọkọ̀, wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù kan tó dà bíi rọ́bà dí oríkèé náà kí omi má baà wọlé. Ẹ fi ojú sí oríkèé yìí, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti ń wá.

Ṣebí sitéńlẹ́ẹ̀sì kì í dípẹtà?

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù lọ lórí WhatsApp, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Sitéńlẹ́ẹ̀sì ni ọ̀pọ̀ bóòtù kíìlì, irin kan náà tí wọ́n fi ń ṣe ṣíbí àti ìkòkò tó ń dán. Ta ló rí ṣíbí tó dógùn-ún rí?

Irin lásán tí wọ́n po irin mìíràn tó ń jẹ́ kírómíọ̀mù mọ́ ni sitéńlẹ́ẹ̀sì. Kírómíọ̀mù yẹn kì í dín sí nǹkan bíi 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Òun ló ń bá ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀, tí wọ́n fi ń hun awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo irin náà, awọ tí ojú ò lè rí. Bí ẹ bá fi ìṣó ha sitéńlẹ́ẹ̀sì, awọ yẹn á ya, á sì tún san lójú ẹsẹ̀, bí ara ọmọdé ṣe ń san. Ṣùgbọ́n kò lè san láìsí ọ́síjìn. Ṣíbí yín ń rí afẹ́fẹ́ ní gbogbo ìgbà, ẹ sì ń fọ̀ ọ́.

Ẹ wá wo bóòtù kíìlì. Orí rẹ̀ wà nínú ikùn ọkọ̀, ó ń mí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rì sínú òjé, omi kì í fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀. Àárín rẹ̀ ló wà nínú oríkèé. Lẹ́yìn ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, gọ́ọ̀mù ti gbẹ, ó ti ya díẹ̀, omi òkun ti ń yọ́ wọlé. Ibẹ̀ ni omi náà dúró sí, kò jáde, afẹ́fẹ́ tuntun kò wọlé. Ọ́síjìn tó wà nínú rẹ̀ tán. Iyọ̀ wà níbẹ̀, iyọ̀ sì lọ́wọ́ nínú yíya awọ sitéńlẹ́ẹ̀sì. Awọ ya, kò rí ohun tó máa fi san, iyọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ sínú irin. Nígbà tí wọ́n bá fa irú bóòtù bẹ́ẹ̀ yọ, orí rẹ̀ á wà digbí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà digbí, àárín á ti di ìbàdí agbọ́n.

Ẹni tó bá ti ra ilé àtijọ́ rí mọ bí ikán ṣe ń ṣe. Ọ̀dà wà lára férémù, ó ń dán. Ẹ fi ìka kàn án, ìka wọlé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Irin lásán tiẹ̀ sàn níbi kan. Bó bá ń dípẹtà, ó máa ń wú, torí àyè tí ìpẹtà ń gbà ju àyè irin tó ti wá lọ. Ìdí nìyẹn tí irin inú dẹ́kìnnì ilé fi máa ń tú sìmẹ́ńtì dànù. Ó ń ya, ó ń tu omi pupa, ó ń fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn. Sitéńlẹ́ẹ̀sì tí iyọ̀ ń jẹ nínú kọ̀rọ̀ lè má sọ ohunkóhun títí tó fi máa já. Nítorí náà, nọ́ọ̀tì méje tó ń dán nínú fọ́tò yẹn kò jẹ́rìí sí nǹkan kan. Ẹyọ kan tó ní àbàwọ́n pupa ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, torí òun nìkan ló sọ̀rọ̀.

Kí ni irin kejì ń wá níbẹ̀?

Bí irin oríṣi méjì bá fara kanra nínú omi iyọ̀, bátìrì ni wọ́n dà. Iná kékeré á máa lọ láàárín wọn, ọ̀kan nínú wọn á sì máa jẹ́ oúnjẹ. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fi ara gbọgbẹ́ kí wọ́n tó mọ èyí. Ní 1761, wọ́n fi bàbà bo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ogun kan tó ń jẹ́ HMS Alarm, kí kòkòrò tó ń jẹ igi lójú omi má baà ráyè. Ìṣó irin wà lára ọkọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìṣó tí bàbà kàn ti di lẹ́búlẹ́bú. Ibi tí bébà tí wọ́n fi di bàbà ṣì há sí láàárín àwọn méjèèjì nìkan ni ìṣó ti wà bó ṣe wà.

Lóde òní, wọ́n máa ń so síǹkì mọ́ ara ọkọ̀ níta, kí omi máa jẹ òun, kó fi irin yòókù sílẹ̀. Orúkọ tí òyìnbó fún síǹkì yẹn kò yàtọ̀ sí ẹbọ. Ẹ kò rí i pé ọ̀rọ̀ náà yé wọn bó ṣe yé wa? Àmọ́ ẹbọ yẹn kì í dé inú kọ̀rọ̀ oríkèé kíìlì. Ohun tó wà níta ló ń gbà sílẹ̀.

Bàbá kan tún sọ lórí WhatsApp pé kí wọ́n fi idẹ ṣe é, pé àwọn ère orí tí wọ́n fi idẹ ṣe, tí wọ́n wú jáde ní Wúnmọníjẹ̀ níbí ní Ifẹ̀ ní 1938, ti pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún nínú ilẹ̀, wọn ò jẹrà. Ọ̀rọ̀ bàbá dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ifẹ̀ ló tọ́jú àwọn orí yẹn, kì í ṣe omi òkun. Idẹ tó ní síǹkì nínú, omi iyọ̀ á fa síǹkì yẹn jáde díẹ̀díẹ̀, á ṣẹ́ ku bàbà pupa tó rí bíi kànrìnkàn, tó ń fọ́ lọ́wọ́. Idẹ kan wà tí wọ́n fi tánńganran po bàbà. Ìyẹn ń pẹ́ nínú òkun, wọ́n sì ti ń lò ó fún ọkọ̀ onígi tipẹ́tipẹ́. Ìṣòro ni pé wẹ́rẹ́ báyìí kọ́ lèèyàn ń fi ojú mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì.

Ṣé kíìlì lè já lóòótọ́?

Ó lè já, ó sì ti já rí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, ọkọ̀ onígbòkun kan tó ń jẹ́ Cheeki Rafiki ń ti Antigua padà sí Southampton, àwọn mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Kíìlì já kúrò lára rẹ̀ láàárín òkun Àtìláńtíìkì. Wọ́n rí ọkọ̀ náà tó dojú dé. Wọn ò rí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́. Àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ojú omi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ní 2015 pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bí kíìlì náà ṣe ti fara gbá ilẹ̀ rí, àti àtúnṣe tí wọ́n ti ṣe sí i, ló sọ ibi tó so mọ́ di ahẹrẹpẹ. Ìpẹtà nìkan kọ́ ló ń pa bóòtù, nígbà náà. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ àtijọ́ gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ó ti gun àpáta tàbí yanrìn rí.

Ohun tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé ọkọ̀ tó dúró jẹ́ẹ́ létí èbúté lè ní bóòtù márùn-ún tó ti kú nínú mẹ́jọ, kíìlì ò sì ní já. Ẹ gbé garawa omi kan, kí apá yín rọ̀ sílẹ̀: ẹ lè gbé e dé ilé. Ẹ wá na apá síta gbọọrọ pẹ̀lú garawa kan náà, kí ẹ ka ọgbọ̀n. Bí ọkọ̀ bá dúró ṣánṣán, kíìlì rọ̀ nísàlẹ̀ ni. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tẹ ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kíìlì di apá tí wọ́n nà síta, bóòtù ẹ̀gbẹ́ kan ló sì ń fara da gbogbo rẹ̀. Ìgbì á tún máa gbé e lulẹ̀, á máa gbé e lulẹ̀. Àárín òkun ló ti ń já, níbi tí kò sí ẹni tó máa gbọ́ igbe.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé ó ti bàjẹ́?

Ojú ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò. Tí ọkọ̀ bá wà lórí ilẹ̀, wọ́n á lọ wo oríkèé láti ìta. Bí ó bá ti ya lápá iwájú, ìlà yẹn máa ń tẹ̀ bí ètè ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè é. Ẹ̀rín yẹn kò tíì túmọ̀ sí pé bóòtù ti já, ṣùgbọ́n ó sọ pé omi ti ní ọ̀nà. Bí omi pupa bá ń ṣẹ́ jáde láti inú rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta tí wọ́n gbé ọkọ̀ kúrò lómi, ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀. Nínú ikùn ọkọ̀, wọ́n á wò bóyá wáṣà ti rì wọ inú fáíbà, bóyá omi ń dúró yí nọ́ọ̀tì ká.

Lẹ́yìn ojú, etí. Wọ́n á fi òòlù kékeré kàn án lórí, bí a ṣe ń ta ìkòkò lọ́jà Ifẹ̀ kí a tó san owó rẹ̀. Èyí tó bá dún bíi ìkòkò tó sán, wọ́n á fi àmì sí i. Ẹ̀rọ kan tún wà tó ń rán ìró sínú bóòtù tó sì ń gbọ́ bó ṣe ń padà bọ̀, bíi èyí tí wọ́n fi ń wo aboyún nílé ìwòsàn. Bí ìró bá padà láti àárín dípò ìsàlẹ̀, nǹkan ti gé e níbẹ̀. Àwọn kan ń ya á ní X-ray.

Èyí tó dájú jù ni kí wọ́n yọ ẹyọ kan tàbí méjì kí wọ́n fojú rí i. Èyí tó bá burú jù ni kí wọ́n yọ, àti ọ̀kan tó ń dán.

Kí ló dé tí wọn ò kàn fún un pọ̀, tàbí kí wẹ́dà jó o?

Ní bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, oníbàárà kan pè mí sí ilé rẹ̀ lágbègbè Mayfair níbí ní Ifẹ̀. Tánkì omi rẹ̀, 2,000 lítà, ń mì lórí òpó irin. Wọ́n ti kun bóòtù ìdí òpó ní ọ̀dà fàdákà, ó rẹwà. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi fún un pọ̀. Kò tíì yí sípánà dé ìdajì tí bóòtù fi já sí i lọ́wọ́ bí igi ìṣáná. Ọpẹ́ ni pé a ti tú omi inú tánkì náà ṣáájú. 2,000 kílò ni ìbá wó lù wá. Nígbà tí a fọ́ sìmẹ́ńtì, ohun tó kù nínú bóòtù onínípọn yẹn kò ju bíro lọ, ibi tó sì ti tín-ín-rín ni ibi tí irin ti wọ sìmẹ́ńtì gẹ́lẹ́, níbi tí omi òjò máa ń dúró sí. Èmi ni mo ní kó fún un pọ̀. Àṣìṣe mi ni.

Ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀ sí bóòtù kíìlì. Fífún un pọ̀ ń fi agbára kún èyí tó ti rẹ̀, á sì tún fọ́ fáíbà abẹ́ wáṣà bó bá pọ̀ jù. Ti wẹ́dà ńkọ́? Nọ́ọ̀tì tuntun tí wọ́n bá jó mọ́ orí, ìbàdí tó ti jẹrà ló ṣì ń gbé e. Iná tún lè jó fáíbà àti gọ́ọ̀mù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí ọ̀gá wẹ́dà má bínú sí mi.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tún un ṣe?

Ó dá lórí ohun tí wọ́n fi ṣe kíìlì. Tó bá jẹ́ irin dídà, bóòtù náà sábà máa ń gba inú rẹ̀ kọjá, tàbí kí wọ́n ti yí i wọ ihò tó ní eyín nínú kíìlì. Èyí ṣeé yọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òróró, iná àti sùúrù ni wọ́n fi ń yọ ọ́. Tó bá jẹ́ òjé, ìgbà tí òjé ṣì jẹ́ omi ni wọ́n ti ki bóòtù bọ̀ ọ́, wọ́n sì ti tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja kó má baà fà yọ. Kò sí sípánà tó lè yí irú ìyẹn síta. Ìdáhùn nìyẹn fún ẹni tó ní iṣẹ́ ọjọ́ kan ni.

Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á lu ihò tuntun sínú òjé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòtù àtijọ́, wọ́n á ki bóòtù tuntun bọ̀ ọ́. Àwọn kan máa ń gbẹ́ fèrèsé kékeré sí ẹ̀gbẹ́ kíìlì, kí wọ́n lè de nọ́ọ̀tì mọ́ ìdí bóòtù náà, kí wọ́n sì tún fèrèsé yẹn dí. Ó ṣeé ṣe nígbà mìíràn láti fi bóòtù kún un láì sọ kíìlì kalẹ̀. Owó rẹ̀ kéré. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, torí oríkèé tó ń gba omi yẹn ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì tíì rí inú rẹ̀.

Láti sọ kíìlì kalẹ̀, kéréènì ló máa gbé ọkọ̀ dání, wọ́n á gbé kíìlì lé orí igi kó má ṣubú, wọ́n á tú gbogbo nọ́ọ̀tì. Ẹ máa rò pé kíìlì á já bọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Rárá o. Gọ́ọ̀mù àtijọ́ yẹn lè di gbogbo rẹ̀ mú fún ọjọ́ méjì, kí wọ́n máa fi igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó là á, kí wọ́n máa fi wáyà rẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni owó ń lọ: kéréènì, àyè tí ọkọ̀ gbà, ọjọ́ iṣẹ́. Bóòtù fúnra rẹ̀ ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á yẹ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ wò bóyá òun náà ti rà, wọ́n á ha ojú méjèèjì mọ́, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù tuntun sí i, wọ́n á gbé ọkọ̀ padà lé e. Sípánà tó ń wọn agbára ni wọ́n fi ń fún nọ́ọ̀tì, díẹ̀díẹ̀, káàkiri, kí wọ́n má parí ọ̀kan kí wọ́n tó dé èkejì. Tó bá ti jókòó dáadáa, wọ́n á tún fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Irin kan náà ni kí bóòtù, wáṣà àti nọ́ọ̀tì jẹ́. Ẹ ti mọ ìdí.

Ọmọ wa pè mí lálẹ́ àná. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n tà á padà?" Mo ní kó má tíì ta ohunkóhun, kó má sì bá ẹnikẹ́ni ná owó àtúnṣe, kó ní kí wọ́n yọ èyí tó ní àbàwọ́n àti ọ̀kan nínú àwọn méje. Ó ní ọjọ́rú ni wọ́n máa yọ wọ́n, pé òun á fi fọ́tò ránṣẹ́. Mo ní kó má wulẹ̀ ya orí wọn fún mi, ìbàdí ni mo fẹ́ rí.